Ta ni báǹkì ń tẹ̀ lé kọjá ẹnubodè?

Sí Olóòtú,

Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa àwọn báǹkì Nàìjíríà tó ń ṣí ẹ̀ka káàkiri Áfíríkà. Ẹ ní àwa oníbàárà tó ń ṣòwò lẹ́yìn odi ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ọdún 17 rèé tí mo ti ń ná ọjà Dantokpa ní Kútọnu, ní orílẹ̀-èdè Benin, aṣọ ni mo ń tà. Bí ẹnikẹ́ni bá ń tẹ̀ lé mi, ó yẹ kí n ti bojú wẹ̀yìn rí i.

Báǹkì tí mo ń lò ní Badagry ní ẹ̀ka ní Kútọnu, orúkọ kan náà, àwọ̀ kan náà lára ògiri. Mo wọlé síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo ní kí wọ́n yọ nínú náírà mi, kí wọ́n fún mi ní sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná níbẹ̀. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ fi Ẹ̀gùn dá mi lóhùn pé, “Màmá, ti ibí yìí ọ̀tọ̀ ni o.” Kò parọ́. Lójú òfin, báǹkì mìíràn ni, abẹ́ BCEAO, báǹkì àgbà àwọn tó ń ná sẹ́fà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó wà ní Dakar, ló wà, kì í ṣe abẹ́ CBN, báǹkì àgbà Nàìjíríà. Mo bá padà sí Sèmè ní ẹnubodè, sọ́dọ̀ bàbá tó máa ń bá wa ṣẹ́ owó, tòun ti ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀ tó fi rọ́bà dè. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí mo fi ka owó mi.

Kí ló wá ń gbé wọn jáde? Owó tó kún wọn lọ́wọ́ ni. Ní 2004, Soludo tó jẹ́ gómìnà CBN nígbà náà pàṣẹ pé kí owó ìdókòwò báǹkì kọ̀ọ̀kan kúrò ní bílíọ̀nù 2 náírà, kó di bílíọ̀nù 25, kí 2005 tó parí. Nínú báǹkì 89, 25 ló ṣẹ́ kù. Àwọn tó yè é wá ń wá ibi tí wọ́n máa fi owó náà ṣe nǹkan. Zenith dé Gánà ní 2005, GTBank dé ibẹ̀ ní 2006.

Ti náírà tún wà níbẹ̀. Euro ni wọ́n so sẹ́fà mọ́, 655.957 fún ẹyọ kan. Nígbà tí náírà wó lulẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, báǹkì tó ń jèrè ní sẹ́fà kò ní láti ta ohunkóhun kún un kí èrè rẹ̀ tó wú nínú ìwé, bí wọ́n bá ti ṣírò rẹ̀ sí náírà. Mi ò bínú sí i. Èmi náà tọ́jú sẹ́fà díẹ̀ sábẹ́ àpótí.

Ibi tí mo ti gbà fún yín ni ti àtijọ́. Báǹkì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1894, tó di First Bank lónìí, ọkọ̀ ojú omi Elder Dempster tó ń kó epo àti èkùrọ́ lọ sí Liverpool ló tẹ̀ lé wá sí Èkó. Ìyẹn tẹ̀ lé ẹrù lóòótọ́.

Bí akọ̀ròyìn yín bá fẹ́ wo tiwa, kó wá bá mi ní gáréèjì Badagry. Aago márùn-ún ìdájí ni ọkọ̀ wa ń gbéra.

Èmi ni tiyín,
Ìyá aláṣọ, Badagry