Ẹ Má Fi Ìgboro Sílẹ̀ Fún Eku

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́tà tí bàbá kan kọ sí yín lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló jẹ́ kí n mú bírò. Bàbá ní ẹni tí orí rẹ̀ bá pé kò gbọdọ̀ ra ilé ní àárín ìgboro Abẹ́òkúta mọ́, kó lọ ra ilẹ̀ sí ìta ìlú, kó fi àwọn ilé àtijọ́ sílẹ̀ fún arúgbó àti eku. Ẹ̀rín pa mí. Òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ kan lẹ́yìn ọjà Ìtòkú ni mo jókòó sí tí mò ń kà á, ilé tí mo fi owó ara mi rà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Eku wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo ra ológbò.

Aránṣọ ni mí. N kì í ṣe ọmọ Ẹ̀gbá o, Ìjẹ̀ṣà ni bàbá mi, Agége ni wọ́n bí mi sí. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbé ilé rẹ́ǹtì ní Ọbáńtokò, tí mò ń wọ ọkọ̀ lọ sí Ìtòkú lójoojúmọ́, torí ibẹ̀ ni àdìrẹ tí mò ń rán wà. Àdìrẹ kì í ṣe ọjà tí èèyàn ń jókòó sílé rà lórí fóònù. O ní láti fọwọ́ kàn án, kí o gbóòórùn rẹ̀, kí o mọ̀ bóyá aró ni tàbí kẹ́míkà, bóyá ìyá kan ló fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sí i lára, tàbí Ṣáínà ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ wá. Bí mo bá padà dé Ọbáńtokò lálẹ́, ọkọ̀ ti jẹ nínú èrè, ẹsẹ̀ ti wú, iná ti lọ.

Nígbà tí mo kó àjọ tí mo sì rí ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ gbà, gbogbo ará ilé mi ní kí n ra púlọ́ọ̀tì kan. Èmi ń wo pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan tí mo máa ń gba iwájú rẹ̀ kọjá: fèrèsé onígi, òdòdó sìmẹ́ǹtì lára òpó bí àwọn Àgùdà tó ti Bùràsíìlì padà wá ṣe kọ́ wa láti máa ṣe é, páànù tó ti dípẹtà. Lára ògiri rẹ̀ ni wọ́n ti fi ọ̀dà dúdú kọ ọ́ gàdàgbà pé ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ.

Ta ni kò mọ ìtumọ̀ ìyẹn? Ẹnì kan nínú ẹbí ti gbìyànjú láti tà á ni.

Ohun tí bàbá onílẹ́tà kò sọ nìyí. Iye tí mo san lórí ilé oníyàrá mẹ́jọ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ ju iye tí wọ́n pe púlọ́ọ̀tì kan ṣoṣo fún mi ní ìta ìlú. Kì í ṣe torí pé ibẹ̀ burú ló ṣe rọjú. Ó rọjú nítorí pé kò sẹ́nì kan tó lè dá a tà. Bàbá tó kọ́ ọ fẹ́ ìyàwó mẹ́rin, ó sì kú láìkọ ìwé ìhágún. Lọ́yà mi ló wá là mí lójú: nílẹ̀ Yorùbá, bí bàbá bá kú báyìí, ìdí igi la fi ń pín ogún, ìyẹn ni pé ìyàwó kọ̀ọ̀kan tó bímọ jẹ́ ìdí kan, àyàfi bí ìjà bá wà tí olórí ẹbí sì ní kí wọ́n pín in lórí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀ ní dọ́gba. Ó ní ẹjọ́ irú rẹ̀ kan wà láàárín Dáwódù àti Dánmólè, tó ti Èkó dé ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, ìdí igi náà ni wọ́n sì fọwọ́ sí. Ìyàwó tó bí ọmọ méje, ìdá kan nínú mẹ́rin ni àwọn méje náà máa pín. Ìyàwó tó bí ẹyọ kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ti ọmọ náà nìkan.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ọmọ kan ṣoṣo náà ni wọn ò dárúkọ fún mi.

Ẹ̀gbọ́n kan tó pe ara rẹ̀ ní olórí ẹbí ló gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó já rìsíìtì fún mi, ó súre fún mi. Ọ̀sẹ̀ kejì, ìyá kan láti Láfẹ́nwá wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó gbé igbá gààrí lérí.

“Ìwọ ni wọ́n ní o fẹ́ ra ilé bàbá mi?”

Mo ní, “Ìyá, ẹ káàbọ̀, ẹ jókòó.”

“Mi ò wá jókòó. Mo wá wo ojú ẹ ni.”

Ó wò ó, ó sì lọ. N kò lè rán nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ náà. Lọ́yà ní kí n má sunkún: bí ẹni tí kì í ṣe olórí ẹbí bá ta ilé ẹbí, kò tà á rárá, bí olórí ẹbí gan-an bá sì tà á láìgbọ́ tẹnu àwọn àgbà ìdí yòókù, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e bí wọ́n bá tètè pariwo. Ẹ̀gbọ́n wa kì í ṣe olórí ẹbí. Olórí ẹbí wà ní Ìbàdàn, ó lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, etí rẹ̀ kò sì gbọ́ dáadáa.

Oṣù mọ́kànlá ni ó gbà mí. Mo lọ Ìbàdàn lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo lọ Agége. Mo bá ọmọ wọn kan tó wà ní Manchester sọ̀rọ̀ lórí fóònù láago méjìlá òru, ó ní òun ò fẹ́ owó, ẹ jọ̀ọ́ kí n ṣáà má wó o. Mo ra ọtí, mo ra obì, mo ra epo sínú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ síwèé, aṣojú ìdí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà níbẹ̀, ìyá elégààrí yẹn ló sì kọ́kọ́ tẹ̀ka. Òun náà ló mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ń yẹra fún: ibojì bàbá wọn wà nínú yàrá ìsàlẹ̀, lọ́wọ́ òsì. A kọ ọ́ sínú ìwé pé mi ò ní gbẹ́ yàrá náà, àti pé wọ́n lè wá síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà ní yàrá kejì sí i. A ò tíì bá ara wa jà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ àtúnṣe díẹ̀, nítorí owó ń ṣòfò níbẹ̀. Bíríkìlà àkọ́kọ́ tí mo gbà fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ gbogbo ògiri iwájú, ó ń dán gbinrin. Òjò ọdún kan péré, ó ń ṣí bọ́ bí èèpo iṣu. Àgbà bíríkìlà kan ló ṣàlàyé fún mi pé sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kí amọ̀ mí: omi tó bá gba ihò kan wọlé kò rí ọ̀nà jáde mọ́, á jókòó sínú ògiri, á máa rà á. Ó ha gbogbo rẹ̀ kúrò, ó fi amọ̀ àti iyanrìn rẹ́ ẹ padà, ó sì ní kí n fa páànù òrùlé síta kí òjò má lu ògiri. Ó ti ń lọ sí ọdún kejì báyìí, kò yẹ̀.

N kò ní purọ́ fún yín pé gbogbo rẹ̀ ló dùn. Abẹ́ Òkúta lorúkọ ìlú, òótọ́ sì ni: àwọn tó gbẹ́ sókàwéè fún mi bá àpáta pàdé níbi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, òòlù àti ọ̀pá irin ni wọ́n fi jà á fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọkọ̀ omi kò lè wọ àdúgbò wa. Pákó tí mo fi tún àtẹ̀gùn ṣe, orí ni wọ́n fi rù ú wọlé. Lọ́jọ́ Sátidé, bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣòkú, wọn yóò ta kánópì dí ojú ọ̀nà, gbohùngbohùn yóò sì kọjú sí fèrèsé mi gangan. Mo ti mọ orin àwọn olórin kan ju bí àwọn fúnra wọn ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Ṣùgbọ́n mo ń fẹsẹ̀ rìn dé ibi iṣẹ́ mi kí tíì tó tutù. Bí mo bá ṣàìsàn, àwọn ará àdúgbò á ti mọ̀ kí oòrùn tó gorí. Olúmọ ni mo ń rí láti ojú fèrèsé ẹ̀yìn, Sápọ́n kò jìnnà, bí n bá sì gbàgbé òwú funfun, ọmọ mi á sáré lọ rà á kí n tó rí abẹ́rẹ́ tó bọ́. Owó ọkọ̀ ti di owó ilé ìwé ọmọ.

Ohun tó ń dùn mí ni ìwé. Láti ìgbà Òfin Ilẹ̀ ti 1978, gómìnà ló di gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ mú fún aráàlú, ẹni tó bá ra ilé gbọ́dọ̀ gba ìfọwọ́sí rẹ̀. Ilé tiwa yìí ti wà ṣáájú òfin náà, ẹbí kò ní ju ìwé pélébé kan tí kòkòrò ti jẹ létí. Báńkì tí mo kọ́kọ́ lọ kò jẹ́ kí n jókòó pẹ́: kò sí ìwé, kò sí ẹ̀yáwó. Fáìlì mi ṣì wà níbi tó wà, wọ́n ní kí n máa padà wá. Ẹ ka iye ilé tó wà láti Àkẹ́ dé Ìtòkú tó wà nípò yìí, tí ẹni tó fẹ́ tún un ṣe kò rówó yá, tí ẹni tó fẹ́ rà á ń sá. Wọ́n á wó lójú wa, ẹnì kan á sì kọ̀wé sí yín pé eku ló jẹ wọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, Olóòtú, ẹ rán oníròyìn yín lọ bi àwọn tó ń rí sí ìwé ilẹ̀: èló ni, ìgbésẹ̀ mélòó ni, oṣù mélòó ni, fún ilé ẹbí tí gbogbo ìdí ti fọwọ́ sí títà rẹ̀? Kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde ní Yorùbá. Ìlú tí Ìwé Ìròyìn, ìwé ìròyìn èdè Yorùbá àkọ́kọ́, ti jáde ní 1859 ni mo ti ń kọ̀wé sí yín, ó tọ́ sí wa.

Bí bàbá onílẹ́tà bá sì fẹ́ wá fojú ara rẹ̀ wò ó, kó béèrè ilé Ìyá Aránṣọ. Mo ti tún iwájú ilé kùn, àyàfi apá kan. ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀dà tuntun ni mo fi tẹ̀lé ojú ìlà rẹ̀.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ìyá Aránṣọ,
Ìtòkú, Abẹ́òkúta.