Ìpàdé Sátidé yìí: iṣẹ́ kọ́líti nílé iṣẹ́ irinṣẹ́ ìwòsàn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú wàhálà Èkó o. Ìpàdé ṣì dúró, aago mẹ́wàá àárọ̀ ní Yaba, ibi tá a máa ń lò náà ni, ẹ tètè kúrò nílé torí ẹ mọ bí Ojúẹlẹ́gba ṣe máa ń rí.

Ọ̀pọ̀ yín rò pé àfi ẹnjiníà ló lè ṣe iṣẹ́ kọ́líti yìí, ìyẹn rírí i dájú pé irinṣẹ́ tá à ń ṣe dára bó ṣe yẹ, irọ́ ni o, ẹni tó ka kẹ́mísìrì, ẹni tó ka báyọ́, kódà ẹni tó kàn lè kọ nǹkan sílẹ̀ bó ṣe rí láì parọ́, àyè wà fún un. Ìwé kíkọ ló pọ̀ jù níbẹ̀! Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ témi, mo ṣi nọ́ńbà kan kọ, mo wá fi Tipp-Ex pa á, ariwo tí ọ̀gá mi pa lọ́jọ́ náà, hàbà. Ìlà kan ṣoṣo lẹ máa fà sí i, kó ṣì ṣeé kà, kẹ́ ẹ sáìn, kẹ́ ẹ kọ déètì.

ISO 13485 ti 2016 ni kẹ́ ẹ kà wá, ìyẹn ìlànà kọ́líti àgbáyé fáwọn tó ń ṣe irinṣẹ́ ìwòsàn, kì í ṣe ISO 9001 tó wà fún iléeṣẹ́ gbogbo o. NAFDAC ló ń forúkọ irinṣẹ́ ìwòsàn sílẹ̀ nílé wa níbí, àwa náà á sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀.

Kí kálukú ra síríǹjì kan dání lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì, ẹ má ya ọ̀rá ẹ̀. A máa jọ ka ohun tó wà lára ẹ̀: LOT (nọ́ńbà ìpele tí wọ́n ṣe é pọ̀), déètì, àti EO yẹn, ìyẹn gáàsì tí wọ́n fi pa kòkòrò ara ẹ̀. Ẹ mú CV náà wá, ojú ewé méjì ti tó, jọ̀ọ́.