Lẹ́tà sí Bàbá àti Màmá: bí a ṣe fi kẹ̀kẹ́ gun òkè Tourmalet

Ìlú London,
Ìparí oṣù Kẹsàn-án.

Bàbá mi àti Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín o. Mo gbàgbọ́ pé ara yín le, àti pé orúnkún Màmá ti fara rọ láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn tuntun náà. Àwa náà wà ní àlàáfíà níbí. Ìyàwó mi àti àwọn ọmọ ní kí n kí yín. Owó páànù tí Bàbá sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti dé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ní Adó, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí káfíńtà tún fi ọ̀rọ̀ owó dá iṣẹ́ dúró.

Ìdí tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà dípò kí n kàn pè yín lórí fóònù ni àwọn àwòrán tí àbúrò mi fi hàn yín. Mo gbọ́ pé Màmá bèèrè bóyá wọ́n ti lé mi lẹ́nu iṣẹ́ ni mo fi ń gun kẹ̀kẹ́ kiri orí òkè ní ilẹ̀ onílẹ̀, àti pé Bàbá ní tiwọn ní kí wọ́n gbé fóònù náà sún mọ́ ojú kí àwọn lè rí jíà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà dáadáa. Ìbéèrè méjèèjì ni mo fẹ́ dáhùn, èmi pàápàá sì ní ìbéèrè kan tí mo fẹ́ bi Bàbá.

Màmá, iṣẹ́ mi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ńṣe ni èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi gba ìsinmi, tí a kó owó jọ, tí a sì gbéra lọ sí ilẹ̀ Faransé, sí àwọn òkè Pyrénées tó pààlà láàárín Faransé àti Spéènì. Kì í ṣe ọmọ ìta ni wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ń wa bọ́ọ̀sì ní London, ará Ìjẹ̀bú ni, Bàbá Ìbejì la máa ń pè é. Nọ́ọ̀sì ni èkejì, obìnrin ará Ìbàdàn kan tó jẹ́ pé bí ọ̀nà bá ti dà sókè báyìí, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni àwa ọkùnrin yóò máa wò. Ẹ̀kẹta jẹ́ ọmọ Ghana tó ń ṣiṣẹ́ iná mànàmáná. Àgbà wa sì jẹ́ ará Jàmáíkà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, gbogbo wa ló ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n. Ní ilẹ̀ ibí, ẹni tó bá ń gun kẹ̀kẹ́ lójú títì kì í ṣe ẹni tí kò rí owó ọkọ̀ san. Dókítà ń gùn ún, agbẹjọ́rò ń gùn ún, àwọn olówó gan-an sì ni wọ́n ń ra èyí tó wọ́n jù. Mi ò ní kọ iye tí mo ra tèmi sínú lẹ́tà yìí, nítorí mo mọ ẹni tí yóò kà á sókè fún Bàbá.

Ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Bagnères-de-Bigorre ni a wọ̀ sí. Òkè tó pè wá lọ sí àgbègbè yẹn ni Tourmalet, tí títì tó gba orí rẹ̀ kọjá ga tó 2,115 mítà sókè òkun. Láti abúlé Sainte-Marie-de-Campan ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún ní àárọ̀, kìlómítà 17 gbáko, a ò sì ní rí ibì kan tí ọ̀nà yóò ti tẹ́ kí èèyàn fi mí. Nǹkan bí kìlómítà mẹ́rin àkọ́kọ́ kò burú, ó dà bí ẹni ń jáde láti Ìtawúrẹ́ bọ̀ wá sílé. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀nà fi ara rẹ̀ hàn. Àwọn ará ibẹ̀ ri òkúta kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ iye kìlómítà tó kù, bí ibẹ̀ ṣe ga tó, àti bí kìlómítà tó ń bọ̀ ṣe máa le tó, sí i lára. Bí wọ́n bá kọ 8% síbẹ̀, ó já sí pé ní gbogbo 100 mítà tí a bá rìn, mítà 8 ni a gùn sókè. Mo máa ń ka òkúta náà nígbà tí ó kù kí n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìgbà tó yá ni mo pinnu pé mi ò ní wò wọ́n mọ́, nítorí ẹni tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀ kò nílò kí wọ́n máa ka ìwúwo ẹrù náà sí i létí.

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti jíà. Kẹ̀kẹ́ Raleigh tí ẹ fi máa ń lọ sí oko, bí ẹsẹ̀ bá yí pẹ́dà lẹ́ẹ̀kan, táyà ẹ̀yìn máa ń yí ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń sáré lórí ilẹ̀ tó tẹ́, tí ẹ sì fi máa ń sọ̀ kalẹ̀ tì í bí ẹ bá dé ẹsẹ̀ òkè. Lórí tèmi, irin eléyín tó kéré jù níwájú ní eyín 34, èyí tó tóbi jù lẹ́yìn ní 32, nítorí náà bí ṣéènì bá wà lórí àwọn méjèèjì, bí mo bá yí pẹ́dà lẹ́ẹ̀kan, táyà náà kò ní yí ju ẹ̀ẹ̀kan àti díẹ̀ lọ. Kẹ̀kẹ́ kò ní yára, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò ní há. Ọwọ́ bíréèkì ni èèyàn fi ń darí gbogbo rẹ̀. Bí a bá ti tì í, ṣéènì á gbéra kúrò lórí eyín kan bọ́ sórí òmíràn, ariwo rẹ̀ kò sì ju ká ta ìka lọ.

Oúnjẹ ni nǹkan tí mo mọ̀ pé Màmá yóò bèèrè. Ara máa ń kó agbára pamọ́ láti inú oúnjẹ tí a bá jẹ, ṣùgbọ́n lórí irú òkè bẹ́ẹ̀, kò ju wákàtí kan àbọ̀ tàbí méjì lọ tí yóò fi tán, bí ó bá sì tán, ńṣe ni yóò dà bí ẹni pé wọ́n pa iná lójú èèyàn: orí á máa fò, ẹsẹ̀ á kọ̀. A kì í dúró kí ebi pa wá kí a tó jẹun. Àwọn òyìnbó ń jẹ ohun dídùn kan tí wọ́n rọ sínú ọ̀rá, tí ó ń lẹ̀ mọ́ èèyàn lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì wa kò gba ìyẹn rárá, àádùn ló dì sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti London, tó pín fún wa. Òyìnbó kan tó ń gùn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tọ́ ọ wò, ó ní ṣé epo pupa nìyẹn, ó sì bèèrè sí i.

Ọ̀nà náà gba inú ìlú kan tó ń jẹ́ La Mongie kọjá, níbi tí àwọn èèyàn ti máa ń wá ṣeré lórí yìnyín nígbà òtútù. Kí èèyàn tó dé ibẹ̀, yóò gba abẹ́ àwọn òrùlé kọnkéré tí wọ́n kọ́ bo títì kí yìnyín má baà ya lu ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Abẹ́ àwọn òrùlé wọ̀nyẹn ló le jù fún mi. Lẹ́yìn La Mongie, igi tán, ó ku koríko àti àpáta, àwọn màlúù tó so agogo mọ́rùn sì dùbúlẹ̀ sórí títì gan-an, wọn kò yà fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n bọ́ sílẹ̀, ó bẹ ọ̀kan nínú wọn bí ẹni ń bẹ ìjòyè kí ó tó lè kọjá. Ẹyẹ igún pọ̀ ní òkè ibẹ̀, wọ́n ń rá bàbà lórí wa. Bàbá Ìbejì wò wọ́n, ó ní kí wọ́n máa lọ, òun ò tíì kú.

Wọ́n gbé ère irin ńlá kan sí orí òkè níbẹ̀, ti ọkùnrin kan tó ń jìjàkadì lórí kẹ̀kẹ́, tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Octave Lapize, eléré kẹ̀kẹ́ ará Faransé kan, ni wọ́n ní ó dúró fún. Ní ọdún 1910 ni ìdíje Tour de France, eré kẹ̀kẹ́ ńlá ilẹ̀ Faransé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1903, kọ́kọ́ gba orí òkè yìí kọjá, kìlómítà 326 ni wọ́n sì ní kí wọ́n gùn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, lórí ọ̀nà tó jẹ́ ọ̀nà màlúù jù ti èèyàn lọ. Lapize rìn lápá kan, ó gùn lápá kan, ó sì pe àwọn tó ṣètò ìdíje náà ní apààyàn. Òun kan náà ló wá gba ìdíje náà lọ́dún yẹn. A ya àwòrán lábẹ́ ère náà, ìyẹn ni ẹ rí.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Ẹ̀gbọ́n ń sọ fún wa bí omijé ṣe bọ́ lójú òun ní oṣù Keje ọdún 2024, nígbà tí Biniam Girmay, ọmọ Eritrea, gba ipò kìíní ní ìlú Turin, tí ó fi di ọmọ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó borí ní ìpele kan, ìyẹn eré ọjọ́ kan, nínú Tour de France. Ó tún borí lẹ́ẹ̀mejì sí i kí ìdíje náà tó parí, ó sì gba ẹ̀wù aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń fún ẹni tó bá gba máàkì jù. Asmara, ìlú tí a ti bí i, ga ju 2,300 mítà lọ, ìyẹn ni pé àwọn ará ibẹ̀ ń jí, wọ́n ń sùn, lórí ibi tó ga ju orí òkè tí àwa fi gbogbo òwúrọ̀ gùn.

Mo fẹ́ padà sí ìsọ̀kalẹ̀ wa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó kan Bàbá wà. A wọ ẹ̀wù òtútù kí a tó bẹ̀rẹ̀, nítorí òógùn á di yìnyín síni lára, a sì ń fi ọwọ́ kan bíréèkì díẹ̀díẹ̀ kí a tó dé kọ̀rọ̀, a kì í há a mọ́ kẹ̀kẹ́ lọ títí. Nígbà tí a dé Sainte-Marie-de-Campan, a lọ wo ibi tí wọ́n ti ṣe ohun ìrántí fún Eugène Christophe, eléré kẹ̀kẹ́ ará Faransé kan. Ní ọdún 1913, ó wà lára àwọn tó ṣáájú nínú ìdíje náà nígbà tí fọ́ọ̀kì iwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, irin tó di táyà iwájú mú, ṣẹ́ bí ó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti Tourmalet. Òfin ìgbà náà ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ran eléré lọ́wọ́, kò sì gbọdọ̀ pààrọ̀ kẹ̀kẹ́. Ó gbé kẹ̀kẹ́ náà lé èjìká, ó fi ẹsẹ̀ rin ohun tó ju kìlómítà mẹ́wàá lọ wá sí abúlé yìí, wọ́n júwe àgbẹ̀dẹ fún un, ó wọ ibẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ fọ́ọ̀kì náà. Ó lé ní wákàtí mẹ́ta kí ó tó parí. Àwọn alábòójútó ìdíje dúró tì í, wọ́n ń wò ó, alágbẹ̀dẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Nígbà tó tán, wọ́n tún fi ìṣẹ́jú kún àkókò rẹ̀, nítorí pé ọmọdékùnrin kan bá a fín ẹwìrì. Mo ti ka nípa òfin líle rí, ṣùgbọ́n èyí ju líle lọ, ìkà ni. Ní ọdún 1919 ni ó di ẹni àkọ́kọ́ tó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ òféèfèé nínú ìdíje náà, àwọ̀ ìyèyè tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó wà níwájú. Lọ́dún yẹn gan-an, fọ́ọ̀kì rẹ̀ tún ṣẹ́. Ẹ sì rántí pé kò sí jíà tí ń gbé ṣéènì nínú ìdíje náà nígbà náà. Ọdún 1937 ni wọ́n tó fàyè gbà á nínú Tour de France.

Màmá, mi ò gbàgbé yín. Lourdes, ìlú tí àwọn Kátólíìkì ti ń lọ gbàdúrà, kò jìnnà sí ibi tí a wọ̀ sí, kẹ̀kẹ́ náà ni a gùn dé ibẹ̀. Mo dé inú ihò àpáta tí Bernadette, ọmọ ọdún 14, ti rí Ìyá Wa lẹ́ẹ̀mejìdínlógún ní ọdún 1858, mo sì fi rósárì tí ẹ fún mi nígbà tí mo ń kúrò nílé kan ara àpáta náà. Wọ́n ti fa omi orísun ibẹ̀ sí ẹ̀rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀fẹ́ sì ni. Mo pọn ìgò méjì. Ní alẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tan àbẹ́là, wọ́n sì ń rìn yípo pẹ̀lú àdúrà ní oríṣiríṣi èdè, àwọn aláìsàn lórí kẹ̀kẹ́ arọ ló ṣáájú. Ẹ̀gbọ́n kì í ṣe Kátólíìkì, ṣùgbọ́n òun náà gba àbẹ́là dání. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ nílé ní Kérésì, òun ni yóò kó omi náà wá fún yín.

Ìbéèrè mi rèé, Bàbá. Bàbá Ìbejì ní òun kò gbà pé iṣẹ́ fọ́ọ̀kì kan lè gba wákàtí mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tó mọ irin. Ó ní bàbá òun alágbẹ̀dẹ ní Ìjẹ̀bú-Igbó ì bá ti parí rẹ̀ láàárín wákàtí kan. Èmi ní kò lè ṣeé ṣe, nítorí fọ́ọ̀kì jẹ́ irin tó ní ihò nínú, bí iná bá pọ̀ jù yóò jó, bí ó bá sì kéré jù kò ní lẹ̀. Mo rántí pé ẹ̀yin náà máa ń gbé irú rẹ̀ lọ sí àgbẹ̀dẹ kí ẹ tó máa lo wẹ́dà, ẹ sì máa ń ki irin kan sínú rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sínú iná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún àbúrò mi kó fi ohùn yín ránṣẹ́: báwo ni yóò ti pẹ́ tó, àti pé irin wo ni ẹ máa ń ki sínú rẹ̀? Ẹni tó bá jẹ̀bi nínú àwa méjèèjì ni yóò ra ẹran àsun fún gbogbo ẹgbẹ́ ní Sátidé tó ń bọ̀, Bàbá Ìbejì sì ti gbà pé ohun tí ẹ bá sọ ni òun yóò tẹ̀ lé.

Èmi ni ọmọ yín,
Àkàndé.