Àdùkẹ́, Má Wá sí Ìkéré Tààrà

Àdùkẹ́ mi,

Mi ò fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sórí fóònù, nítorí o ní ọkọ rẹ máa ń tú fóònù rẹ wò. Àǹtí rẹ tó ń ta ẹ̀wà lọ́jà Ọba ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Bí o bá kà á tán, sun ún níná. Má fèsì, ṣáà sọ fún Àǹtí pé ẹ̀wà náà dára.

Lọ́jọ́ Kérésì tí ẹ wá, ọwọ́ òsì lo fi di ọmọ odó mú, ìwọ tí o máa ń dá gún iyán èèyàn mẹ́wàá. O ní o ṣubú ní balùwẹ̀. Nígbà tí o ká apá aṣọ sókè láti fọ abọ́, ojú ìka mẹ́rin ni mo rí lọ́rùn ọwọ́ rẹ. Balùwẹ̀ kì í ní ìka. Mo dákẹ́. Èmi náà ni mo dá ọ padà lọ́dún kẹta sẹ́yìn, tí mo ní ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́. Dárí jì mí, ọmọ mi. Ta ló ń fi ìgbájú kọ́ abiyamọ lẹ́kọ̀ọ́?

Má sọ fún un pé o ń lọ, kódà bí inú bá ń bí ọ. Ìgbà tí irú wọn bá fura pé obìnrin fẹ́ bọ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́ gan-an ni ewu ń pọ̀ sí i. Ọjọ́ tó bá lọ síbi iṣẹ́ ni kí o gbéra, kí o gba ilé-ìwé mú àwọn ọmọ. Máa kó ìwé ẹ̀rí rẹ, ìwé ìbí àwọn ọmọ àti ìwé ìgbéyàwó fún Àǹtí díẹ̀díẹ̀. Fi aṣọ sílẹ̀, a ó rán òmíràn. Ìkéré ló máa kọ́kọ́ wá ọ dé, nítorí náà Ìkọ̀lé ni kí o forí lé, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ obìnrin. A ti bá wọn sọ ọ́.

Bó bá tún nà ọ́ kó tó dọjọ́ náà, lọ sílé ìwòsàn, sọ òótọ́ fún dókítà, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Kí Àǹtí ya ojú ọgbẹ́ náà sórí fóònù tirẹ̀. Èkìtì ti ṣòfin lórí irú ìwà yìí láti 2011, wọ́n sì tún un ṣe ní 2019. Adájọ́ lè pàṣẹ kí ó má sún mọ́ ọ. Bí ara bá ti balẹ̀, lọ sí ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ní Adó, kí o sì béèrè lọ́yà ìjọba tó ń gba ẹjọ́ aláìní rò lọ́fẹ̀ẹ́. Ìgbéyàwó ìwé lẹ ṣe, kóòtù ìbílẹ̀ ò lè tú u, kóòtù gíga ni. Ìyẹn ò kánjú. Kọ́kọ́ jáde.

Wọn á pè ọ́ ní dálémosú. Èmi náà ti pe ọmọ ọlọ́mọ bẹ́ẹ̀ rí. Ní ti pásítọ̀ tó ní kí o fi ààwẹ̀ kún un, bá mi kí wọn.

Bàbá rẹ tí kì í sọ̀rọ̀ ti gbé fóòmù tí àwọn ọmọ máa sùn lé lọ sí Ìkọ̀lé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n so ó mórí ọkọ̀, òjò fẹ́rẹ̀ẹ́ ká a mọ́ ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ní àwọn dùbúlẹ̀ lé e wò, ó rọ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.