RAM ẹyọ kan tàbí ẹyọ méjì: àtúnṣe sí ìtọ́sọ́nà yín fún àwọn agbágéèmù

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí bí ènìyàn ṣe lè yan kọ̀ǹpútà tí yóò máa fi gbá géèmù, inú mi sì dùn pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń jáde ní èdè wa lọ́nà tí ó yéni yékéyéké. Gbólóhùn kan péré ni n kò lè gbójú fò nínú rẹ̀: òǹkọ̀wé yín sọ pé bí RAM (mẹ́mọ́rì tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tí ó ń lò lọ́wọ́ sí) bá ti pé gígábáìtì 16, bákan náà ni ó rí, ìbáà jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo tí ó jẹ́ 16, ìbáà jẹ́ ẹyọ méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 8. Kò rí bákan náà rárá. Lórí àwọn kọ̀ǹpútà kan, èyí tí ènìyàn bá mú nínú méjèèjì ni yóò sọ bóyá géèmù yóò ṣeé gbá tàbí kò ní ṣeé gbá.

Àlàyé rẹ̀ kò le. Láàárín prósẹ́sọ̀, tí í ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, àti RAM, ojú ọ̀nà kan wà tí ìsọfúnni ń gbà lọ tí ó sì ń gbà bọ̀, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ bíìtì 64, èyí tí í ṣe báìtì 8. RAM DDR4 (DDR4 jẹ́ ìran RAM kan) tí wọ́n kọ 3200 sí lára lè kó ẹrù ní ìgbà mílíọ̀nù 3200 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, báìtì 8 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá ṣírò rẹ̀ yóò rí i pé gígábáìtì 25.6 ni gbogbo ohun tí ojú ọ̀nà kan lè gbé láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí a bá fi ẹyọ RAM méjì sí ibi tí ó yẹ wọ́n, prósẹ́sọ̀ yóò máa lo ojú ọ̀nà méjì pọ̀, iye náà yóò sì di 51.2. Èyí ni wọ́n ń pè ní dual-channel, olójú ọ̀nà kan sì ni single-channel. N kò sọ pé géèmù yóò yá ní ìlọ́po méjì o, nítorí òkè téńté ni iye tí mo kà yìí, àsìkò tí prósẹ́sọ̀ sì fi ń dúró de ìsọfúnni àkọ́kọ́ kò yí padà: ọ̀nà fẹ̀ sí i ni, kò kúrú sí i. Àwọn kan a máa pòwe pé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí, ṣùgbọ́n òwe náà kò bá ọ̀rọ̀ yìí mu tán, nítorí ọwọ́ kan ń gbé ẹrù yìí dórí. Ó kàn ń pẹ́ níbi tí kò yẹ kí ó ti pẹ́ ni.

Ohun tí mo rò pé ó yẹ kí àpilẹ̀kọ yín kọ́kọ́ bi olùrà ni ibi tí kọ̀ǹpútà náà ti ń ya àwòrán rẹ̀. Bí kò bá ní káàdì gíráfíìkì lọ́tọ̀, tí ó jẹ́ pé inú prósẹ́sọ̀ ni gíráfíìkì rẹ̀ wà, RAM kan náà ni àwọn méjèèjì jọ ń lò. Gbogbo àwòrán tí géèmù fi ń bo ògiri, ewéko àti aṣọ àwọn ènìyàn inú rẹ̀, inú RAM ni gíráfíìkì ti ń lọ mú un, lẹ́yìn náà yóò tún dá àwòrán tí ó yà tán padà síbẹ̀ kí ó tó hàn lójú kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa ṣe fún férémù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwòrán kọ̀ọ̀kan tí ń tẹ̀lé ara wọn lójú kọ̀ǹpútà. Ojú ọ̀nà ni ó máa ń kún níbẹ̀, ó máa ń kún kí agbára gíráfíìkì fúnra rẹ̀ tó tán. Ẹni tí ó bá ra prósẹ́sọ̀ tí gíráfíìkì inú rẹ̀ lágbára dáadáa, tí ó wá fi RAM ẹyọ kan sí i, ti sanwó agbára tí kò ní rí lò.

Ti ẹni tí ó ní káàdì gíráfíìkì lọ́tọ̀ yàtọ̀, nítorí mẹ́mọ́rì wà lára káàdì náà fúnra rẹ̀, kì í sì í wá tọrọ lọ́dọ̀ RAM nígbà gbogbo. Bí àwòrán bá tóbi tí ó sì jẹ́ pé káàdì ni ó ń làágùn, ìyàtọ̀ lè má hàn sójú. Ibi tí ó ti ń hàn ni inú géèmù tí iṣẹ́ prósẹ́sọ̀ pọ̀ sí, bí irú èyí tí èrò pọ̀ nínú ìlú rẹ̀, àti lọ́dọ̀ àwọn tí ń dín àwòrán kù kí férémù wọn lè pọ̀ sí i. Ẹ má sì wo ìpíndọ́gba férémù nìkan níbẹ̀; ẹ wo ìgbà tí ó bá lọ sílẹ̀ jù lọ, nítorí ibẹ̀ ni géèmù ti ń ta gìrì tí ọwọ́ ènìyàn fi ń ṣì.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò sọ pé ẹyọ kan ni ó dára láti fi bẹ̀rẹ̀, kí ihò tó ṣẹ́ kù lè wà fún ọjọ́ iwájú. Àwọn tí ń ta kọ̀ǹpútà fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí. Màdábọ́ọ̀dù (pátákó inú kọ̀ǹpútà tí ihò RAM wà lára rẹ̀) tí ó ní ihò mẹ́rin ṣì ní méjì lófìfo lẹ́yìn ẹyọ méjì, nítorí náà orí màdábọ́ọ̀dù oníhò méjì àti kọ̀ǹpútà alágbèéká ni ọ̀rọ̀ náà ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Níbẹ̀ pàápàá, ẹyọ tí ènìyàn bá rà lọ́dún tí ń bọ̀ lè má bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba, ìyára èyí tí ó lọ́ra jù ni méjèèjì yóò sì jọ máa lò. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹyọ kan tí ó jẹ́ 16 àti ẹyọ méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 4 ni a ń yàn láàárín wọn, mo fara mọ́ ẹyọ kan láìjanpata. Nígbà tí RAM bá kún, orí SSD, ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú fáìlì sí, ni ó máa ń kó ìyókù lọ, SSD sì lọ́ra ju RAM olójú ọ̀nà kan lọ púpọ̀púpọ̀.

Àwọn kan tún ń sọ pé DDR5, ìran RAM tí ó tẹ̀lé DDR4, ti fòpin sí àríyànjiyàn yìí, wọ́n ní ẹyọ kan rẹ̀ ti ní ojú ọ̀nà méjì nínú. Òótọ́ ni pé ó pín sí méjì, ṣùgbọ́n bíìtì 32 ni fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ wọn kò ju 64 àtijọ́ náà lọ. Ẹyọ méjì ni ó ṣì ń sọ ọ́ di 128.

Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá bá mi, kò sí káàdì gíráfíìkì lára rẹ̀, ẹyọ RAM méjì tí ó bára mu ni ó sì rà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ fún un, síbẹ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù inú géèmù rẹ̀ ń rìn bí ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀. Mo ṣí CPU-Z, ètò tí ń fi ohun tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà hàn, mo wo abala Memory, mo rí Single níbẹ̀. Nígbà tí a tú ìdérí kúrò, mo rí i pé ó ti ki méjèèjì bọ ihò kìíní àti ìkejì, ihò méjì tí wọ́n fi ojú ọ̀nà kan náà so mọ́ prósẹ́sọ̀. Mo yọ ti ihò kìíní, mo fi í sí ìkẹrin, mo tẹ̀ ẹ́ títí tí ìdè rẹ̀ fi ró pàá. Nígbà tí a tan án, ojú kọ̀ǹpútà dúdú fún ìgbà díẹ̀, ọmọ náà sì ń wò mí bí ẹni tí mo ti ba ohun ìní rẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn náà ni Dual yọ. Ṣùgbọ́n 1200 ni mo rí níbi tí wọ́n ń kọ ìyára sí, bẹ́ẹ̀ 1600 ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀, nítorí ìdajì 3200 ni CPU-Z máa ń fi hàn. Kò sí ẹni tí ó rántí tan XMP, èyí tí ń jẹ́ kí RAM lo ìyára tí wọ́n kọ sí i lára, nínú BIOS, ètò ìpìlẹ̀ tí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ń ṣí. A tan án, a padà sínú géèmù náà, àwọn agbábọ́ọ̀lù náà sì sáré.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé nígbà tí ẹ bá tún tẹ ìtọ́sọ́nà náà, kí ẹ yọ gbólóhùn yẹn kúrò, kí ẹ sì fi àwòrán màdábọ́ọ̀dù oníhò mẹ́rin sí i. Lórí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, ihò kejì àti ìkẹrin, bí a bá kà á láti ẹ̀gbẹ́ prósẹ́sọ̀, ni ẹyọ méjì ń lọ; kí olùrà sì yẹ ìwé tí ó bá màdábọ́ọ̀dù rẹ̀ wá wò kí ó tó ti ohunkóhun bọ ibẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín