Lẹ́tà sí Àṣàkẹ́, ní ọjọ́ kẹfà tó fi ṣúgà sílẹ̀

Àṣàkẹ́ mi,

Ohùn rẹ kò kúrò létí mi láti àná. O ní aago mọ́kànlá òru ti lù, o ṣì jókòó sí kíṣínì, kọ́ọ̀pù tíì wà níwájú rẹ, o kò lè mu ún, o kò sì lè dà á nù, omijé sì ń dà lójú rẹ. O ní o ti jágbe mọ́ ọmọ rẹ kékeré nírọ̀lẹ́ nítorí bàtà tí kò tò dáadáa, títí ọmọ fi sá wọ yàrá Bàbá. Lẹ́yìn náà lo wá ń bẹ̀ mí: "Ẹ má bínú, Àǹtí mi. Mo mọ̀ pé torí ṣúgà lásán ni."

Kì í ṣe ṣúgà lásán, àbúrò mi. Mo fẹ́ kọ ohun tí mo mọ̀ sílẹ̀ fún ọ, kí o lè máa kà á nígbà tí mo bá ti sùn, torí pé òru ni nǹkan yìí máa ń dà èèyàn láàmú jù.

Orí tó ń fọ́ ọ ni ká kọ́kọ́ mú. Ẹlẹ́rìndòdò dúdú tí ò ń mu lójoojúmọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, nǹkan méjì tí ara rẹ ti sọ di ojúlùmọ̀ ló wà nínú rẹ̀: ṣúgà, àti kaféènì tó wà nínú kọfí. Ọjọ́ kan náà lo já àwọn méjèèjì sílẹ̀. Ẹni tí kaféènì ti mọ́ lára, tó bá dá a dúró lójijì, orí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ kí ọjọ́ kan tó pé. Ọjọ́ kejì sí ìkẹta ló máa ń le jù, ó sì lè tó ọjọ́ mẹ́sàn-án kó tó tán pátápátá. Ṣé o rántí Ìyá Àgbà, bí orí ṣe máa ń fọ́ wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ Rámádánì, tí wọ́n á ta gèlè mọ́ ọn gbọn-in-gbọn-in, tí a ó máa sọ pé ebi ń pa wọ́n? Obì tí wọ́n ń jẹ láàárọ̀ lọ́sàn-án tẹ́lẹ̀ ni. Kaféènì kan náà ló wà nínú obì. Nítorí náà, mu tíì yẹn. Ewé tíì lásán, omi gbígbóná, má fi ṣúgà sí i. Kaféènì díẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ á dẹ orí fífọ́ náà. Ìjà kan ni kí o jà lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe méjì.

Ní ti inú tó ń bí ọ àti ara tó ń wó ọ bí ẹni gbé yangí, èmi náà jẹ ẹ́. Ọdún kẹta rèé. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, àyẹ̀wò tó ń sọ bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ti rí láti oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n ní 6.2 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Láti 5.7 dé 6.4, èèyàn wà lójú ọ̀nà àtọ̀gbẹ. Tó bá ti di 6.5, àtọ̀gbẹ ti wọlé. Tìrẹ tí wọ́n fi gígún ìka wò kí o tó jẹun láàárọ̀, 118, ibi kan náà ló bọ́ sí, torí pé láti 100 sí 125 ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, 126 sì ni ti àtọ̀gbẹ. Ẹnu ọ̀nà la dúró sí, èmi pẹ̀lú rẹ. Mi ò fẹ́ ká wọ ilé tí Màámi wọ̀. Ìwọ lo máa ń wẹ egbò ẹsẹ̀ wọn, o kò nílò kí n tún un sọ.

Mo mọ̀ pé ṣúgà nìkan kọ́ ló ń fà á. Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé wa, a ti sanra, a sì ń jókòó sí ìdí ọjà láti àárọ̀ dalẹ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo rẹ̀, ṣúgà ni ọwọ́ wa tó jù. Nígbà tí mo jókòó tí mo ṣírò ohun tí mò ń jẹ lóòjọ́, ẹ̀rù bà mí. Hóró márùn-ún nínú tíì àárọ̀. Ṣíbí ńlá méjì nínú gàrí ọ̀sán. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan, 50 cl: mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, mo kà pé ṣúgà inú milílítà 100 rẹ̀ ju gíráàmù 10 lọ. Ìgò kan náà ti ju gíráàmù 50 lọ nìyẹn, ó lé ní ṣíbí tíì méjìlá. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2015 ni pé ó dára jù kí àgbàlagbà má jẹ ju nǹkan bíi gíráàmù 25 lóòjọ́, ṣíbí tíì mẹ́fà. Ìgò yẹn nìkan ti ju ti ọjọ́ méjì lọ, kí n tó ka tíì àti gàrí mọ́ ọn.

Èmi kò já a lẹ́ẹ̀kan náà bíi tìrẹ. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò pé ọjọ́ mẹ́rin tí mo fi padà. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo tó dín in ní díẹ̀díẹ̀, hóró kan lọ́sẹ̀. Bí tìrẹ bá ń le jù, gba ọ̀nà tèmi, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni pé n kò jẹ́ kí ebi pa mí mọ́. Tí mo bá ti jẹ ẹyin tàbí mọ́ínmọ́ín láàárọ̀, ọ̀fun mi kì í dá tòlótòló ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Tí mo bá fi búrẹ́dì àti tíì nìkan bẹ̀rẹ̀ ọjọ́, mo ti wà ní ìdí onípọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù kí wọ́n tó pe ìrun Ásárì. Tí ó bá sì gbé mi lóru, mo máa ń jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí n máa rìn lọ rìn bọ̀. Kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ tí á fi rọlẹ̀. Kà á lójú aago, wàá rí i.

Ṣùgbọ́n ara kọ́ ló le jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, Àṣàkẹ́. Èèyàn ni.

O kéré ní 1984, bóyá o kò rántí. Ìgbà ìjọba ológun ni, a máa ń tò sórí ìlà ra mílíìkì, ṣúgà àti ọṣẹ. Màámi máa ń kó hóró ṣúgà sínú agolo mílíìkì kan tí ọ̀dà ti bó lára rẹ̀, wọ́n á tì í mọ́nú kọ́bọ́ọ̀dù, kọ́kọ́rọ́ á sì wà ní kókó etí ìró wọn. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá nìkan ló ń jẹ hóró méjì. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní ní ilé ìwé ń gba mẹ́ta, mo gbà á lẹ́ẹ̀kan, mo sì fi ọjọ́ mẹ́ta lá a tán. Àmọ́ tí àlejò bá wọlé, mẹ́rin ni wọ́n ń jù sínú tíì rẹ̀ láìṣírò, kí ó má baà lọ sọ níta pé ilé wa kò dùn. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ pé ṣúgà ni ìfẹ́, ṣúgà ni ọ̀wọ̀. Nígbà tí ọjà Màámi wá gbèrú, wọ́n já kọ́kọ́rọ́ náà sọnù. Kò sẹ́ni tó tún ka hóró mọ́ nílé wa. Inú wọn dùn láti máa bu ṣúgà fún wa! N kò lè bínú sí wọn lórí rẹ̀ láéláé.

Torí náà, nígbà tí o bá kọ ẹlẹ́rìndòdò tí àwọn àna rẹ gbé síwájú rẹ, ohun tí wọ́n ń gbọ́ ni pé o kọ àwọn. Rámádánì àkọ́kọ́ tí mo fi dá ṣúgà dúró, pákẹ́ẹ̀tì ṣúgà mọ́kànlá ni wọ́n fi ta mí lọ́rẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. O mọ bí a ti ń ṣe é ní àdúgbò wa. Mo gba gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, mo ṣe àdúà fún ẹni tó mú un wá, mo sì kó o lọ sí mọ́sáláṣí níbi tí wọ́n ti ń po ògì ìṣínu. Títí di òní, mi ò tíì mọ̀ bóyá ohun tí mo ṣe yẹn dára, kí n kó ohun tí mo ń sá fún lọ fún ẹlòmíràn.

Ọ̀nà tí mo wá rí ni pé n kì í kọ̀, mo máa ń bèèrè. Kí wọ́n tó sáré lọ ra nǹkan tútù, mo ti ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, omi tútù yín ló ń wù mí, bí ẹ̀pà bá sì wà nílé, ẹ fún mi." Ojú wọn á tàn, torí pé wọ́n ti rí nǹkan ṣe fún mi. Gbìyànjú ẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ.

Tí o bá sì lọ síbi ìkómọ, tí wọ́n gbé àwo yípo, tí wọ́n ní kí gbogbo wa fi oyin tàbí ṣúgà kan ahọ́n kí ayé ọmọ lè dùn, tọ́ ọ wò, ṣe àmín. Bíńtín orí ahọ́n yẹn kọ́ ló ń ṣe wá. Ìgò méjì tí wọ́n ń gbé lé wa lọ́wọ́ lẹ́yìn àdúà ni.

O bèèrè bóyá o lè fi oyin rọ́pò. Oyin ní ọlá tirẹ̀, Kùránì sọ pé ìwòsàn wà nínú rẹ̀, mi ò bá ọ jiyàn. Ṣùgbọ́n tí o bá ń da ṣíbí mẹ́ta sínú ògì, ẹ̀jẹ̀ rẹ kò mọ̀ pé oyin ni; inú gíráàmù 25 yẹn náà ni wọ́n ka oyin àti omi èso inú páálí sí. Malt tí wọ́n ní ó ń fún èèyàn lẹ́jẹ̀, ṣúgà wà nínú rẹ̀ rẹpẹtẹ. Sóbò tí ò ń rà lójú ọ̀nà náà, béèrè lọ́wọ́ ẹni tó sè é. Èmi ń se tèmi nílé pẹ̀lú àtalẹ̀, kànáfùrù àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó díẹ̀, ó tó. Kókó oníyẹ̀fun inú agolo tí gbogbo wa ń pè ní tíì, ka ara agolo rẹ̀, ṣúgà wà nínú rẹ̀ kí o tó fi tìrẹ kún un. Gàrí sì ń kọ́? Má tan ara rẹ jẹ pé nígbà tí ṣúgà kò bá ti sí nínú rẹ̀, o lè mu abọ́ méjì. Gàrí fúnra rẹ̀ ń di ṣúgà nínú ara, ògì náà bẹ́ẹ̀. Mò ń mu ún ní abọ́ kékeré, pẹ̀lú ẹ̀pà àti ẹja dídín. Gàrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa kò wá ṣúgà, kíkan yẹn ni adùn rẹ̀.

Mo ṣubú o. Ọjọ́ ọdún ìtúnu ààwẹ̀, mo jẹ ṣíńṣín abọ́ kan, mo mu ìgò mẹ́ta, mo sì tún gé kéèkì. Ní ọjọ́ kejì, ohùn kan nínú mi ní ó ti bàjẹ́, kí n kúkú máa jẹ ẹ́ lọ. Mo fi omi sórí iná, mo se ẹ̀fọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ padà ní hóró òfo.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Mo ra wàrà lọ́wọ́ ọmọbìnrin Fúlàní kan, mo bù ú sẹ́nu, mo rò pé wọ́n ti fi ṣúgà sí i. Mo bi í léèrè, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Mo tún lọ jẹ dàbínù ẹyọ kan lálẹ́ ọjọ́ náà, n kò lè jẹ èkejì. Àlùbọ́sà inú ata díndín dùn. Ìbẹ́pẹ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Gbogbo adùn yìí ti wà níbẹ̀ tipẹ́, ahọ́n mi ni kò gbọ́ ọ. Ọjọ́ mẹ́fà péré lo wà, àbúrò mi.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó ṣe pàtàkì ju gbogbo èyí lọ. Má kó gbogbo ṣúgà jáde nílé rẹ, nítorí Bàbá. Oògùn àtọ̀gbẹ ni wọ́n ń lò, àwọn kan nínú oògùn náà sì lè mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ jù, pàápàá tí oúnjẹ wọn bá yí padà lójijì. Kí o tó yí ohun tí wọ́n ń jẹ padà, bá dókítà wọn sọ̀rọ̀. Tí o bá rí i pé ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, tí òógùn tútù bò wọ́n, tí ọ̀rọ̀ wọn kò já gaara mọ́, po ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú omi, kí wọ́n mu ún kíákíá, kí o sì tún ẹ̀jẹ̀ wọn wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tí wọn kò bá mọ nǹkan kan mọ́, má da ohunkóhun sí wọn lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé wọn lọ.

Agolo Màámi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Màá mú un bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Inú rẹ̀ ni kí o kó ṣúgà Bàbá sí, kí o tì í mọ́nú kọ́bọ́ọ̀dù, kí o sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró rẹ. Bá mi rẹ ẹ̀wà sílẹ̀ lálẹ́ Jímọ̀, èmi ni màá lọ̀ ọ́, màá dín àkàrà fún àwọn ọmọ. Ẹni tí o jágbe mọ́ yẹn, pè é mọ́ra lónìí, sọ fún un pé kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀.

Tí ó bá sì tún gbé ọ lóru, pè mí. N kò ní pa fóònù mi.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àjọkẹ́