Sí Ṣadé, lórí ọ̀rọ̀ wákàtí kan

Mọ́kọ́lá,
Ìbàdàn.

Ṣadé mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bàbá Tọ́mi ńkọ́? Tọ́mi fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àárò rẹ sọ mí lọ́sẹ̀ yìí ju ti ìgbàkígbà lọ, nítorí ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tó jẹ́ pé ìwọ nìkan ló máa yé láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ ṣàlàyé títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Kí n yára sọ ti ilé ná. Bùkọ́lá ti bí, ọkùnrin ni, tìyá-tọmọ wà lálàáfíà. Onílé wa tún ti fowó lé owó ilé. Mo yà kí Màmá yín ní Òkè-Àdó, ara wọn le, wọ́n ní kí n jẹ mọ́ínmọ́ín tán níwájú àwọn kí n tó lọ. O mọ̀ wọ́n.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ rèé. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa ní kí n kọ ìwé kan fún àwọn: ṣé Nàìjíríà ń tẹ̀ lé ìlànà àgbáyé lórí bí wọ́n ṣe ń ka àwọn tó níṣẹ́ àti àwọn tí kò níṣẹ́? Inú mi dùn nígbà tí wọ́n gbé e fún mi. Àfi bí alága ṣe sọ èsì tó fẹ́ kí n tó ṣí ìwé kankan. Ó ní kí n kọ ọ́ pé irọ́ funfun ni. Ó ní báwo ni àìríṣẹ́ṣe tó jẹ́ ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìparí ọdún 2020 ṣe lè di ìdá 4.1 ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2023? Iléeṣẹ́ wo ni wọ́n ṣí?

Ṣadé, mi ò lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìwọ náà kò ní kọ ọ́. Nígbà tó jẹ́ ìdá 33.3, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó ogún wákàtí lọ́sẹ̀, aláìríṣẹ́ ni NBS, àjọ ìjọba tó ń ṣe ìṣirò fún Nàìjíríà, ń kà á sí. Ogún wákàtí yẹn, ilé la ti gé e, kò sí bí a ṣe lè fi nọ́ńbà wa wé ti Gánà tàbí ti ibikíbi. Nísinsìnyí, ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí kan péré fún owó láàárín ọjọ́ méje, ó níṣẹ́. Kì í ṣe Àbújá ni wọ́n ti hùmọ̀ ìyẹn. Láti 1982 ló ti wà nínú ìlànà àwọn onímọ̀ ìṣirò iṣẹ́ tí ILO, àjọ àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, máa ń pè jọ sí Geneva. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní 2013, wọn kò yí wákàtí kan yẹn padà, àmọ́ wọ́n yọ ẹni tó ń dáko fún kìkì oúnjẹ ilé rẹ̀ kúrò lára àwọn tó níṣẹ́. Ìdí wákàtí kan náà sì ṣe kedere: kí iṣẹ́ kankan má bọ́ sọnù nínú ìṣirò, bó ti wù kó kéré tó. Lẹ́yìn náà lo máa wá béèrè wákàtí mélòó, àti bóyá èèyàn náà ń fẹ́ sí i.

Rántí ìyá ẹlẹ́pà yẹn ní Fókò, nígbà tí èmi àtìwọ ń lọ káàkiri ka àwọn tó níṣẹ́. Ó jókòó ti igbá láti àárọ̀, ó ń wọ́n ẹ̀pà fún oníbàárà lójú wa, ó ní òun ò ṣe nǹkan kan lọ́sẹ̀ náà. Bí kì í bá ṣe pé o rọra tún ìbéèrè yẹn gbé kalẹ̀, bí a ṣe máa kọ ọ́ nù nìyẹn.

Ohun tí mo wá ń sọ fún alága ni pé títẹ̀ lé ìlànà kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé nọ́ńbà kéré tàbí ó pọ̀. Mo ṣí Àdéhùn nọ́ńbà 160 ti 1985 fún un, èyí tí ILO ṣe lórí ìṣirò iṣẹ́. Ẹ̀ka kejì ní kí orílẹ̀-èdè wo ìlànà tuntun bí ó bá ń tún ọ̀nà ìkà rẹ̀ ṣe. Ẹ̀ka kẹta ní kó fọ̀rọ̀ lọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti ẹgbẹ́ agbanisíṣẹ́. Ẹ̀ka kẹfà ní kó tẹ àlàyé bó ṣe kà á jáde. Ẹ̀ka keje dárúkọ àwọn tí iṣẹ́ wọn kò kún ọwọ́, níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Orílẹ̀-èdè tí kò tilẹ̀ fọwọ́ sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, ILO lágbára láti béèrè ìròyìn lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí èmi ti ń bá wọn jà ni àlàfo: lẹ́yìn nọ́ńbà ti ìparí 2020, NBS kò ní nọ́ńbà fún ìgbà kankan títí di ti ìparí 2022. Ìmọ̀ràn nọ́ńbà 170 tó bá àdéhùn yẹn rìn ní, ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Àlàfo yẹn ló jẹ́ kí aráyé fi 33.3 sẹ́gbẹ̀ẹ́ 4.1, bí ẹni pé òṣùwọ̀n kan náà ni wọ́n fi wọ̀n wọ́n. Lórí ẹ̀ka kẹta, ìbéèrè ni mo kọ síbẹ̀: àwọn wo ni wọ́n pè, kí sì ni wọ́n sọ? Alága kò dùn sí i, ó ní mo ń gbèjà ìjọba. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun.

Ṣùgbọ́n Dàpọ̀ àbúrò rẹ ló dá oorun mi rú. Ó wá bá mi nílé pẹ̀lú 4.1 yẹn lórí fóònù rẹ̀. O mọ̀ pé láti ìgbà tó ti gba HND rẹ̀, ìsọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń bá a jókòó sí, tó ń bá a ta káàdì, wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀. Ó ní, “Àǹtí Níkẹ̀ẹ́, ẹ̀yin lẹ fún mi níṣẹ́ yìí, owó oṣù mi dà?” Mo fi ojú ìwé tí òun fúnra rẹ̀ wà hàn án: àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tí wákàtí wọn kò tó ogójì, tí wọ́n ń fẹ́ sí i, tí àyè sì wà fún wọn. Ìdá 12.2 nínú ọgọ́rùn-ún ni, nínú ìròyìn kan náà. Mo tún fi 92.6 hàn án, àwọn tí iṣẹ́ wọn kò ní ìwé, kò ní àjẹmọ́nú, kò ní ohunkóhun. Ó kà á, ó ní, “Rédíò wo ló ka èyí síta?” Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ìwé mi bèèrè fún gan-an nìyẹn, Ṣadé: níbikíbi tí wọ́n bá ti ka 4.1, kí wọ́n ka 12.2 tẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn onímọ̀ Geneva fúnra wọn ní nọ́ńbà àìríṣẹ́ṣe nìkan kò tó.

Mo fẹ́ kí o bá mi ka apá ìkẹyìn ìwé náà, màá fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn lè dúró.

Èyí tí kò lè dúró ni pé kí o pe Dàpọ̀. Nígbà tó ń lọ, ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣeré pé àwọn kan ti ń bá òun sọ̀rọ̀ ọ̀nà Agadez, ní Niger, tí wọ́n ń gbà la aṣálẹ̀ kọjá lọ sí Líbíà, pé òun ti ń tọ́jú owó. Mo bi í, ó rẹ́rìn-ín, ó ní eré ni. Ojú rẹ̀ kò jọ ti ẹni tó ń ṣeré. Mi ò tíì sọ fún Màmá, ẹ̀jẹ̀ ríru wọn kò gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi bá a sọ̀rọ̀, kò wọ̀ ọ́ létí, torí ọ̀kan nínú àwọn tó ń ka èèyàn mọ́ àwọn tó níṣẹ́ ni mo jẹ́ lójú rẹ̀. Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Jọ̀ọ́, pè é ṣáájú Sunday, lálẹ́, nígbà tó bá ti dá wà, má sì jẹ́ kó mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi lo ti gbọ́. Bí owó kékeré kan bá wà tí a lè fi ṣí ìsọ̀ tirẹ̀ fún un, sọ iye tí agbára rẹ ká, èmi náà á wá tèmi.

Kí Bàbá Tọ́mi fún mi.

Èmi ni tìrẹ,
Níkẹ̀ẹ́